Kí Ló Jó Lábẹ́ Tábìlì Ìpàdé? Ọ̀rọ̀ Iná, Wáyà àti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Òórùn rọ́bà tó ń jóná la kọ́kọ́ gbọ́. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, nínú yàrá ìpàdé kan tí wọ́n máa ń háyà fún èèyàn nílùú Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló ń bá àwọn tó fẹ́ yá wọn lówó sọ̀rọ̀ lórí ayélujára. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n á máa fi ṣe gàrí ni. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ o. Àbúrò ìyá mi tó jẹ́ akápò wọn ló ní kí n tẹ̀ lé àwọn, bóyá kọ̀ǹpútà á tún fẹ́ ṣe ìṣe rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òórùn yẹn ti ń wá. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì ni mo rí i. Extension kan ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ sì ti dúdú kirikiri. Mo pariwo pé kí wọ́n pa iná. Bàbá alága sáré dìde, ẹsẹ̀ wọn kọ́ wáyà, router já bọ́ láti ojú fèrèsé, gbà! Ojú àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ pòórá lára ògiri, ó parí.

Wọ́n ṣàánú wa, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí mi wá kọjú sí mi: "Ìwọ tó o máa ń kọ nípa sáyẹ́ǹsì, wá sọ ohun tó jó fún wa, kó o sì bá wa wá nǹkan ṣe sí i kọ́jọ́ tó pé." Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Mo kàn tún un tò fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń kà wá níbí ni.

Kì í ṣe laptop ló jẹ̀bi

Ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ sọ ni pé laptop ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọ̀pọ̀ ṣájà laptop kì í fà ju wáàtì 45 sí 65 lọ. Laptop mọ́kànlá ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ká fún ìkọ̀ọ̀kan ní 65, ó di wáàtì 715. Pírójẹ́kítọ̀ ń jẹ wáàtì 300, àpapọ̀ wọn di 1,015. Iná tiwa ní Nàìjíríà, fólítì 230 ni. Tí ẹ bá fi 230 pín 1,015, áńpù 4.4 lẹ máa rí.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò yìí, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. BS 1363 ni wọ́n ń pe ìlànà rẹ̀, ọdún 1947 ló jáde. Fíúsì tó tóbi jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti áńpù 13. Ẹ sọ 13 di ìlọ́po 230, ó jẹ́ wáàtì 2,990. Ṣé ẹ rí i pé laptop mọ́kànlá pẹ̀lú pírójẹ́kítọ̀ kò tíì jẹ ìdajì ohun tí púlọ́ọ̀gì kan lè gbé?

Kẹ́tùlù ló dé. Ẹnì kan ní igun yàrá ti ki kẹ́tùlù omi tíì bọ ojú kan tó ṣẹ́ kù. Wáàtì 2,200 ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Òun nìkan á fa áńpù 9.6, ó ju ìlọ́po méjì gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì lọ. Àpapọ̀ wá di áńpù 14.

"Kí ló dé tí fíúsì ò wá já?" Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló béèrè, ìbéèrè tó dáa sì ni. Fíúsì áńpù 13 kì í já lójú ẹsẹ̀ tí iná bá di 14. Ewu ńlá ni wọ́n fi ń ṣọ́, bíi kí wáyà méjì kanra. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló fi lé, ó lè máa gbé e lọ fún wákàtí púpọ̀. Ìyẹn tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé fíúsì ló wà níbẹ̀. Mo ti tú púlọ́ọ̀gì rí tí mo bá wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé síbi tó yẹ kí fíúsì wà, ó sì dá mi lójú pé ẹ̀yin náà ti rí i rí.

Ibi tó jó gan-an ni ibi tí irin ti ń kan irin. Nínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin kékeré kan wà tó ń há ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mọ́ra bí ẹ̀mú. Tó bá ti gbó, kò ní lè há a mọ́, iná á wá máa gba ojú tóóró kọjá. Ojú tóóró yẹn ní ìdènà, óòmù la fi ń wọn ìdènà. Ooru tó ń jáde níbẹ̀ kì í bá iye iná pọ̀ ní ọgbọọgba. Ẹ máa fi iye áńpù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fi ìdènà sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní ìdènà ojú náà jẹ́ ìdajì óòmù. Nígbà tó jẹ́ áńpù 4.4, ooru ibẹ̀ kò tó wáàtì 10, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Nígbà tí kẹ́tùlù sọ ọ́ di 14, ooru di wáàtì 98. Iná di bí ìlọ́po mẹ́ta, ooru di ìlọ́po mẹ́wàá! Ẹ rántí gílóòbù wáàtì 100 ayé àtijọ́, èyí tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ṣé ẹ lè fọwọ́ dì í mú? Ẹ wá gbé irú ooru yẹn sínú ike tí wọ́n dé pa.

Bí irin náà bá sì ṣe ń gbóná ni agbára tó fi ń há nǹkan ń dín kù, ojú rẹ̀ ń dípẹtà, ìdènà ń pọ̀ sí i, ooru náà ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí extension kan fi lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà, tó wá máa jó láàárín wákàtí kan.

Èyí tó tún bí mi nínú ni pé wọ́n ki extension bọ inú extension, ẹ̀ẹ̀mẹta. Èèyàn á máa rò pé bí ojú bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe pọ̀ tó. Rárá o. Gbogbo ohun tí gbogbo wọn ń fà, inú èyí tó wà lára ògiri ló ń gbà kọjá, bí gbogbo ará ilé ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Extension kejì kò mú iná tuntun wá, ibi tí irin ti ń kan irin ló fi kún.

Ẹ wo wáyà rẹ̀ náà. Wáyà rírọ̀ tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ 1.25 mm² ló lè gbé áńpù 13. Èyí tó jẹ́ 0.75 mm², áńpù 6 ló mọ. Lọ́jà, wọ́n á kọ "13A" gàdàgbà sára ike, wáyà ìdí rẹ̀ kò sì ju ti ṣájà fóònù lọ. Àwọn tó ṣe é re máa ń tẹ ìwọ̀n náà sára wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e súnmọ́ ojú, kẹ́ ẹ kà á. Èyí tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ká bí òwú, ẹ tú gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, torí wáyà tó ká jọ kò rí ibi tú ooru sí, bí èrò tó há sínú dánfó lọ́sàn-án gangan.

Bíró nínú ihò òkè

Mo tún bá ìdérí bíró nínú ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la ti ṣe é.

Ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gì gùn ju méjì tó kù lọ kó lè kọ́kọ́ wọlé. Bó ṣe ń wọlé, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń so ara irin ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ kí iná tó dé, ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò méjì ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ kí ọmọdé má baà ki nǹkan bọ̀ ọ́. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó rí roboto kò ní ẹsẹ̀ òkè, ìyẹn la ṣe ń wá bíró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ roboto kò bá ihò onígun mẹ́rin mu. Ibi díẹ̀ ló ti ń kàn án, ẹ sì ti mọ ohun tí ibi díẹ̀ máa ń dá sílẹ̀.

Ṣé laptop onírin ti ta yín lọ́wọ́ rí, bíi kí kòkòrò máa rìn lára yín? Nínú ṣájà, nǹkan kékeré kan wà tó ń pa ariwo iná, kàpásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ́ kí iná bíńtín jò sára irin. Tí okùn ilẹ̀ bá wà, á gba ibẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Tí kò bá sí, ara irin náà lè dúró ní nǹkan bí ìdajì fólítì 230, ọwọ́ yín á wá di ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ìṣàn rẹ̀ kéré gan-an, kì í ṣe òun ló máa pa èèyàn. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé tí iná gidi bá jò lọ́jọ́ kan, kò sí okùn ilẹ̀ tó máa gbà á.

Wi-Fi náà dà bí ìpàdé

Kí extension tó jó rárá lọ́jọ́ yẹn ni ohùn ti ń gé. Àwọn ará ọ̀hún á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," Bàbá alága á tún un sọ, á tún gé. Alága ní dátà ti tán. Dátà ò tán.

Wi-Fi ń ṣe bíi ìpàdé tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí ẹlòmíì tó sọ̀rọ̀. Lórí chánẹ́ẹ̀lì kan, tí ẹ̀rọ méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á bàjẹ́, kálukú á dúró díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú. Àwọn Wi-Fi tuntun ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín ìdúró yìí kù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń pín. Àwa mẹ́rìnlá, fóònù mẹ́rìnlá, laptop mọ́kànlá: ẹ̀rọ 25 ló ń na ọwọ́ sókè. Àwọn fóònù tí a kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn náà ń gba fọ́tò WhatsApp lábẹ́lẹ̀. Lórí 2.4 GHz, tí ọ̀pọ̀ router olówó pọ́ọ́kú ń lò, chánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn, ìyẹn 1, 6 àti 11. Tí ọ́fíìsì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá wà lórí èyí tí ẹ wà, àwọn náà ti di ọmọ ìpàdé yín nìyẹn. Ìdúró yìí kì í pa ẹni tó ń ka ìmeèlì lára, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójúkojú ló ń pa lára.

Nítorí náà mo ní kí laptop tó ń gbé ìpàdé náà fúnra rẹ̀ lo wáyà. Òun nìkan. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fẹ́ kí ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níwájú gbogbo àga. Ní tèmi, owó ṣòfò ni. Ojú kan tàbí méjì tó tábìlì kan, kí àwọn yòókù máa lo Wi-Fi. Tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù bá ti kúrò nínú afẹ́fẹ́, àyè á gba àwọn tó kù.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Tẹ́ ẹ bá bó o, ẹ máa rí wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ, tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì. Ọdún 1881 ni Alexander Graham Bell ti gba ìwé àṣẹ lórí lílọ́ yìí fún tẹlifóònù. Ẹ̀rọ tó ń gbà á kì í wo ohun tó wà lórí wáyà kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń wò. Nítorí pé wọ́n lọ́ mọ́ra, ariwo iná tó bá bà lé ọ̀kan á bà lé ìkejì bákan náà. Ṣé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jọ gun orí àpótí kan náà, ìyàtọ̀ gíga wọn yí padà ni? Bí ariwo ṣe ń pòórá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi púlọ́ọ̀gì sí orí wáyà yìí, ẹ má tú lílọ́ rẹ̀ kọjá ibi tó yẹ.

Cat 5e tàbí Cat 6 tó ti tó fún yàrá ìpàdé, tí kò bá ti gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ayédèrú. Wọ́n máa ń fi bàbà fẹ́lẹ́ bo alumíníọ́ọ̀mù. Ẹ fi ọ̀bẹ fá orí wáyà kan. Tí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Alumíníọ́ọ̀mù kì í gbé iná tó bàbà, ìyẹn á sì dun yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wáyà kan náà gbé iná àti ọ̀rọ̀ lọ sí Wi-Fi tó wà ní àjà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. PoE ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Èyí tó jáde lọ́dún 2003 ń gbé tó wáàtì 15.4, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ Wi-Fi àjà. Kò ní sí pé router ń já bọ́ láti ojú fèrèsé mọ́.

Kí iná tó dé tábìlì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà ní yàrá yẹn, ara ògiri kan náà ni méjèèjì wà. Àárín yàrá ni tábìlì wà. Ojú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé ni wáyà gbà kọjá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ pe rẹ́wáyà kí àwọn onítáìsì tó dé. Páìpù méjì ni kó tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ láti ògiri dé ibi tí tábìlì máa wà, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí inú wọn sì fẹ̀ ju ohun tẹ́ ẹ nílò báyìí lọ. Ẹ má kó wáyà iná àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú páìpù kan. Àwọn èèyàn á ní torí ariwo ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewu ló ṣáájú. Tí ara wáyà iná bá bó lọ́jọ́ kan, fólítì 230 lè bọ́ sínú wáyà tí ẹ̀ ń fọwọ́ lásán mú.

Yàrá tí wọ́n ń háyà fúnni ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ fọ́ táìsì òun. Rọ́bà kan wà tí wọ́n fi ń bo wáyà nílẹ̀, tó rí bí gegele ojú títì, kò burú. Ohun tí àwa ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀. A fa tábìlì títí orí rẹ̀ fi kan ògiri lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀nà mọ́ láàárín tábìlì àti ògiri, torí náà kò sí ẹsẹ̀ tó máa kọ́ wáyà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tó kan ògiri yẹn gan-an ni Bàbá alága máa ń jókòó sí. Ó gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú ká tó rí wọn bẹ̀ kí wọ́n lọ sí òdìkejì.

A ra extension méjì tí wáyà wọn jẹ́ 1.5 mm², ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì, ìkọ̀ọ̀kan sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lára ògiri. A dè wọ́n mọ́ abẹ́ pákó tábìlì, kò sí èyí tó wà nílẹ̀. Ìdí ni pé ilẹ̀ ni omi máa ń lọ tí tíì bá dànù, ilẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ wà. Ojú kan fún èèyàn méjì tó, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń ṣájì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ojú USB tó wà lára àwọn extension kan tàn yín. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ fólítì 5, áńpù 2, wáàtì 10 nìyẹn. Fóònù ló lè gbà, kì í ṣe laptop.

Ẹnì kan dábàá àwọn àpótí tó máa ń yọ sókè láàárín tábìlì. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ìdérí rẹ̀ ṣẹ́, tí èéfọ́ bísíkíìtì àti omi ń wọ inú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, kí ààbò áńpù jíjò wà ní páálí iná yín, irú èyí tó máa ń já tí iná tó tó mílíáńpù 30 bá gba ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ NẸ́PÀ ló kù. Tí wọ́n bá mú iná lọ, laptop ní bátìrì, router kò ní. Ìṣẹ́jú kan tí jẹnẹrétọ̀ fi ń gbéra, ìpàdé ti já, router tún máa gba àkókò kó tó padà sípò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, router pẹ̀lú switch kékeré kì í jẹ ju bíi wáàtì 15 lọ. Bátìrì fólítì 12, áńpù-wákàtí 7, ní wáàtì-wákàtí 84 nínú. Ó lè gbé wọn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin láì jẹ́ pé ẹ fà á gbẹ. UPS kékeré tó ní irú bátìrì yẹn la gbé sábẹ́ tábìlì. Nínú gbogbo ohun tí a rà, òun ló dùn mọ́ mi jù.

Ọjọ́ kejì náà pé. Kẹ́tùlù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé orí iye gàrí tí ẹgbẹ́ lè ṣe lọ́sẹ̀ ni fáànù dúró, gílóòbù kú, pírójẹ́kítọ̀ kú. Gbogbo wa wo ara wa. Bàbá alága ò wo ẹnikẹ́ni, ojú laptop ni wọ́n ń wò, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Obìnrin kan lọ́hùn-ún béèrè ìdí tí ọ̀dọ̀ wa fi ṣókùnkùn lójijì.

"Ó ń bọ̀," ni Bàbá dáhùn, wọ́n sì mẹ́nu lé iye tí wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́.